Àrọ̀ Ọjà Tàkíè Kì í Ṣe Ọmọ Odò Ọbà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè má dùn létí àwọn kan nínú wa. Kò dùn létí èmi náà nígbà tí mo kọ́kọ́ rò ó. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ọjà gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni, mo wà ní Tàkíè, níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo fẹ́ ra obì àti orógbó. Ẹ̀gbẹ́ ìyá kan tó ń ta ẹja òòyẹ̀ ni mo dúró sí. Bàsíà ńlá méjì ló gbé kalẹ̀, àrọ̀ kún inú wọn dẹ́múdẹ́mú. Ọmọbìnrin kan dé, ó mú bébà pélébé kan lọ́wọ́. Kò sí ibi tí mo ti máa rí irú bébà bẹ́ẹ̀ tí mi ò ní dá a mọ̀: àkọsílẹ̀ ohun ẹbọ ni. Ó ní kí ìyá ẹlẹ́ja bá òun mú àrọ̀ méjì, kí wọ́n ṣáà ti wà láàyè.

"Ṣé kí n bá ọ pa wọ́n?" ni ìyá náà bi í.

"Rárá o, Màmá. Bàbá tó dífá fún mi ní kí n fi ọ̀kan bọ Ifá, kí n lọ tú ìkejì sínú odò Ọbà láàyè."

Mo wá yíjú sí ìyá ẹlẹ́ja. Mo ní, "Ìyá, níbo lẹ ti ń rí ẹja yín yìí?"

Ó ní, "Ti ọlọ́sìn ni, Bàbá. Inú adágún oníkọnkéré ni wọ́n ti ń kó wọn wá bá wa. Ẹja odò ò wọ́pọ̀ lọ́jà mọ́. Bó bá sì dé, owó rẹ̀ máa ń ga ju ti ọlọ́sìn lọ."

Ọmọbìnrin yẹn sanwó, ó gbé ẹja rẹ̀ lọ. N kò sọ nǹkan kan fún un. Kí ni n bá sọ? Èmi náà ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún ọ̀pọ̀ èèyàn tó jókòó níwájú ọpọ́n mi. "Lọ ra àrọ̀ òòyẹ̀, fi gbá orí ara rẹ, kó o tú u sódò, kí ibi bá a lọ." Bí mo ṣe ń sọ ọ́ rèé láti ọdún pípẹ́ wá, n kò sì béèrè lẹ́ẹ̀kan rí pé inú omi wo ni wọ́n ti bí ẹja náà. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ gún mi lọ́kàn: ṣé odò Ọbà mọ ẹja tí à ń kó wá bá a yìí?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé, mo ń bi àwọn tó mọ̀ nípa ẹja léèrè. Ibi tí mo wá dé kò nílò àlàyé gígùn. Ẹja tí a bá rà lọ́wọ́ ọlọ́sìn, ẹ jẹ́ ká fi bọ ohun tí a fẹ́ bọ, ká sè é, ká jẹ ẹ́, ká pín in. Ẹ má jẹ́ ká tú u sínú odò mọ́. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ rò fún yín.

Gbogbo ọmọ awo ló mọ ìtàn tó wà nínú Ọ̀ṣẹ́túrá. Olódùmarè rán àwọn irúnmọlẹ̀ wá sáyé, mẹ́rìndínlógún jẹ́ ọkùnrin, Ọ̀ṣun nìkan ni obìnrin àárín wọn. Wọ́n dé ayé, wọ́n ń ṣe ìpàdé, wọ́n ń tún ilé ayé ṣe, wọn kò pe Ọ̀ṣun sí i. Ohun tí wọ́n dáwọ́ lé kò gún mọ́. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Aboyún kò bí, àgàn kò lóyún. Nígbà tí wọ́n padà lọ bá Olódùmarè, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wọ́n: ẹnì kẹtàdínlógún yín ńkọ́? Wọ́n ní àwọn kò kà á sí. Ó ní kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kọ́ tí èmi rí kọ́ níbẹ̀ ni pé, bó ti wù kí iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe dára tó, bí a bá fẹ́ ṣe é lórí omi, tí a kò sì bi olómi léèrè, iṣẹ́ náà kò ní yọrí. Ẹbọ náà jẹ́ iṣẹ́ tó dára. Ṣùgbọ́n ta ló bi olómi léèrè kí ó tó kó ẹja adágún lọ bá a?

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àrọ̀ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe lásán ni àwọn bàbá wa fi yan ẹja yìí fún ẹbọ. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan lẹ́bàá ìjàgbọ̀n rẹ̀ tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè, yàtọ̀ sí èyí tó fi ń mí nínú omi. Ìdí nìyẹn tó fi lè wà nínú ẹrẹ̀ tí omi rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, tó sì lè wọ́ gba orí ilẹ̀ tútù kọjá láti inú àbàtà kan sí òmíràn. Kò yan oúnjẹ: ó ń jẹ kòkòrò, ìgbín omi, ọ̀pọ̀lọ́, ẹyin ẹja, àti ẹja kéékèèké. Abo kan ṣoṣo tó bá dàgbà dáadáa lè yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń wá àìkú, tó ń wá ọmọ, tó ń wá ọ̀nà àbáyọ, a máa fi àrọ̀ ṣe àpẹẹrẹ fún Ifá. Ṣùgbọ́n àwọn ìwà tí à ń tìtorí wọn yìn ín yẹn gan-an ló sọ ọ́ di àlejò ajẹgàba ní ibi tí kì í ṣe ilé rẹ̀.

Ó lè ya yín lẹ́nu pé àrọ̀ wa yìí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Clarias gariepinus, wà lára ẹja tí wọ́n ń sá fún ní àwọn orílẹ̀-èdè kan. Láti ọdún 2000 ni ìjọba Íńdíà ti fòfin de ọ̀sìn rẹ̀, nítorí pé ó bọ́ sínú odò wọn, ó sì ń jẹ ẹja ìbílẹ̀ wọn run. Síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń sìn ín ní ìkọ̀kọ̀. Ní Brazil, níbi tí àwọn ìbátan wa ti ń bọ Yemọja àti Ọ̀ṣun, wọ́n gbé e wá fún ọ̀sìn, ó jáde kúrò nínú adágún, ó wọ odò lọ. Ní Gúúsù Áfíríkà, àrọ̀ jẹ́ ọmọ bíbí odò Orange. Nígbà tí wọ́n la ihò gba abẹ́ òkè ní 1975 láti darí omi Orange lọ sí odò Great Fish, àrọ̀ bá omi náà lọ, ó sì di wàhálà fún ẹja tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ kíyè sí i: inú orílẹ̀-èdè kan náà ló wà. Odò ni ìlú ẹja. Ẹni tó bá kúrò ní odò tirẹ̀ lọ sí odò mìíràn, àlejò ni.

Àpẹẹrẹ tó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà wà ní adágún Victoria, tó wà láàárín Uganda, Kenya àti Tanzania. Ẹja ńlá kan wà tí àwọn Haúsá ń pè ní giwan ruwa, èyíinì ni erin omi. Ẹja odò Ọya tiwa ni, ọjọ́ pẹ́ tó ti ń bá àwọn ẹja yòókù gbé nínú odò náà láì pa wọ́n run. Ní nǹkan bí ọdún 1954, nígbà ìjọba amúnisìn, wọ́n gbé irú ẹja yìí lọ sínú adágún Victoria kí ẹja ńlá lè wà fún títà. Fún bí ọgbọ̀n ọdún, ó dà bíi pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tó fi máa di àárín 1980 sí 1990, ó ti gba gbogbo adágún náà kan. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún irúfẹ́ ẹja kéékèèké tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ẹ̀pìyà, tí kò sí níbòmíràn láyé, ni a kò rí mọ́. Òótọ́ ni pé owó wọlé fún àwọn tó ń kó ẹja náà lọ sókè òkun. Ṣùgbọ́n ẹja tó ti parẹ́ kò lè padà wá, bí a tilẹ̀ rí owó náà kó jọ bí òkè.

Nítorí náà, ẹ má gbọ́ mi bí ẹni ń sọ pé ẹja kan burú. Kò sí ẹja tó burú. Giwan ruwa kò ṣẹ̀ nínú odò Ọya, àrọ̀ kò ṣẹ̀ nínú odò Orange. Ọwọ́ ẹni tó gbé wọn ni ẹ̀bi wà. Ohun tí àwọn onímọ̀ sì ń sọ káàkiri àgbáyé nìyí: ìròyìn kan tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àgbáyé tó ń jẹ́ IPBES gbé jáde ní 2023 sọ pé ó lé ní 3,500 irúfẹ́ ẹ̀dá, ẹranko àti ewéko, tí ọwọ́ èèyàn ti gbé kúrò nílé wọn, tí wọ́n sì wá di aburú ní ibi tí a gbé wọn dé.

Mo mọ ohun tí ẹnìkan yóò sọ báyìí. Yóò ní, "Bàbá, Íńdíà jìnnà, Victoria jìnnà. Àrọ̀ wà nínú odò Ọbà kí wọ́n tó bí bàbá bàbá yín. Bí a bá fi àrọ̀ kún àrọ̀, kí ló burú níbẹ̀?" Ìbéèrè tó gbọ́n ni, èmi náà bi ara mi bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àrọ̀ adágún kì í ṣe àrọ̀ odò mọ́. Àwọn ọlọ́sìn ti ṣà á lẹ́ṣà láti ìran dé ìran kó lè tètè sanra. Òmíràn wà tí ìran rẹ̀ ti ilẹ̀ Netherlands wá, tí àwọn ọlọ́sìn ń pè ní Dutch. Òmíràn kì í ṣe àrọ̀ pọ́ńbélé rárá, àmúlùmálà ni: wọ́n mú ẹyin irú ẹja kan, wọ́n fi àtọ̀ irú mìíràn dà á lórí, kí ọmọ lè tóbi ju ìyá àti bàbá rẹ̀ lọ. Ọgbọ́n nìyẹn, ó dára fún ìkòkò ọbẹ̀. Nínú odò, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ní Thailand, irú àmúlùmálà bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi àrọ̀ tiwa ṣe bọ́ sódò, àwọn olùwádìí sì rí ẹ̀jẹ̀ àrọ̀ Áfíríkà nínú ara ẹja ìbílẹ̀ wọn. Ìdílé tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti dàrú báyìí, kò sí ẹni tó lè yà á sọ́tọ̀ mọ́.

Kí ẹ sì má rò pé àrọ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú omi ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ìbátan rẹ̀ kéékèèké wà tó jẹ́ pé inú igbó àti àbàtà ni wọ́n ń gbé. Ọ̀kan nínú wọn, tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Sydenham kọ nípa rẹ̀ ní 1980, orúkọ Agbóyì ní ìpínlẹ̀ Èkó ló fi sọ ọ́: Clarias agboyiensis. Orúkọ ìlú Yorùbá wà lára ẹja káàkiri ilé ìwé gíga ayé, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì mọ̀. Àwọn ẹja kéékèèké bẹ́ẹ̀ ni àrọ̀ adágún tó ti sanra lè fi ṣe oúnjẹ òwúrọ̀. Ká má tíì sọ àrùn àti kòkòrò ara tí ẹja tó gbé nínú omi tó há lè kó dé inú omi tó ń ṣàn.

Odò Ọbà kì í sì dá dúró. Láti agbègbè Ìgbọ́n ló ti ń bọ̀, ó gba ẹ̀yìn Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, níbi tí a ti sé e kí ìlú lè rí omi mu, ó ń lọ títí ó fi pàdé Ọ̀ṣun. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ibi tí àwọn orogún méjèèjì ti pàdé, omi ibẹ̀ kì í rọ̀. Láti ibẹ̀, Ọ̀ṣun ń lọ títí dé ọ̀sà Lẹ́kìí. Ẹja tí a bá tú sílẹ̀ nínú Ọbà lónìí kò ní jókòó síbi tí a tú u sí, kó máa dúró dè wá. Ẹbọ tí ẹnìkan rú ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè di ẹjọ́ fún apẹja tó wà ní Ẹ̀pẹ́.

Ẹ rántí ewéko ojú omi tí wọ́n ń pè ní water hyacinth. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ìsàlẹ̀ ló ti wá, òdòdó rẹ̀ rẹwà. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ kíyè sí i lójú omi Badagry, ó ti ọ̀nà ilẹ̀ Benin wọlé. Títí di òní olónìí, apẹja ń jà á, ọlọ́kọ̀ ojú omi ń jà á. Ewéko nìyẹn o, tó léfòó, tí ojú rí, tí ọwọ́ lè fà. Ẹja ńkọ́, tó wà nísàlẹ̀? Bí ẹja àjèjì bá ti ń bímọ nínú odò ńlá, kò sí àwọ̀n tó lè kó o tán. Ní ilẹ̀ òyìnbó, nínú adágún kékeré, wọ́n a máa da oògùn sómi láti pa gbogbo ẹja inú rẹ̀ kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀ nínú omi tí ìlú ń mu? Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí ẹja náà má wọ odò rárá ni iṣẹ́ tó rọrùn jù. Èyí tó bá kù lẹ́yìn ìyẹn, kìkì làálàá ni.

Ẹlòmíràn yóò ní àwọn bàbá wa ṣe é, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí ọjà ìgbà náà. Apẹja ló mú ẹja láti inú odò náà wá, ẹlẹ́bọ rà á, ó dá a padà sínú odò tí wọ́n ti mú un. Ọmọ ló ń padà lọ sílé ìyá rẹ̀. Kò sí adágún oníkọnkéré, kò sí Dutch, kò sí ọkọ̀ tó ń gbé ẹja òòyẹ̀ láti ìlú kan dé òmíràn. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa kò yí padà, ẹja tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí ló ti yí padà. Ẹni tó bá ní òun ń ṣe ohun tí bàbá òun ṣe, kí ó mú irú ẹja tí bàbá rẹ̀ mú.

Kì í sì í ṣe ẹ̀sìn tiwa nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà náà a máa ra ẹ̀dá alààyè lọ́jà, wọ́n a tú u sílẹ̀ láti fi wá àánú. Ní oṣù Kẹfà 2015, àwọn kan nínú wọn gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún alákàn àti edé ńláńlá tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà, wọ́n dà wọ́n sínú òkun nítòsí Brighton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba ní láti máa sanwó fún àwọn apẹja kí wọ́n bá wọn wá àwọn ẹ̀dá náà kó. Ní 2017, ilé ẹjọ́ ní kí méjì nínú àwọn tó ṣe é san owó ìtanràn àti owó gbà-máà-bínú. Kò sí ẹni tó sọ pé ọkàn wọn burú. Àánú ni wọ́n ń ṣe. Ẹ̀yin ọmọ awo tí ẹ wà ní London, Miami àti Bahia, ọ̀rọ̀ yín wà níbẹ̀. Ohun tí adájọ́ yóò béèrè ni ohun tí ẹ tú sílẹ̀, kì í ṣe èrò ọkàn yín.

Mo tún gbọ́ ẹni tó ń sọ pé, ṣé ẹbọ wa nìkan ló ń gbé ẹja dé odò ni? Rárá o, n kò ní purọ́ mọ́ wa. Adágún ọlọ́sìn tó wà létí odò, bí òjò bá pọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹja lè ti inú ẹyọ kan ṣoṣo jáde lóru ọjọ́ kan. Nígbà tí àgbàrá 26 oṣù Kẹjọ 2011 ṣọṣẹ́ ní Ìbàdàn, adágún ẹja wà lára ohun tí omi gbá lọ. A kò sì lè ní kí ọ̀sìn ẹja kásẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́yìn Íjíbítì, Nàìjíríà ló ń sin ẹja jù ní Áfíríkà, àrọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Oúnjẹ ọmọ wa ni, iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ wa ni. Ohun tí a lè béèrè lọ́wọ́ ọlọ́sìn ni kí ó má gbẹ́ adágún sí ojú ọ̀nà omi, kí ó ta àwọ̀n sí ẹnu ihò tí omi rẹ̀ ń gbà jáde, kí ó má sì da ẹja tó kù lẹ́yìn ọjà sínú odò. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ojú wo la ó fi bá ọlọ́sìn wí, nígbà tí àwa, tí à ń pe odò ní ìyá, bá ń fi ọwọ́ ara wa gbé ẹja rẹ̀ lọ dà síbẹ̀?

Nítorí àwa la yẹ ká mọ̀ ọ́n jù. Ẹ wo oyè ọba Òṣogbo. Ataọ́ja: a-tẹ́wọ́-gba-ẹja. Nígbà tí wọ́n bá Ọ̀ṣun dá májẹ̀mú, tí ọba bọ omi, ẹja tó jẹ́ ikọ̀ Ọ̀ṣun jáde wá, ọba tẹ́wọ́ gbà á. Ọ̀ṣun ló rán ẹja sí ọba. Ọba kọ́ ló gbé ẹja láti ibòmíràn wá bá Ọ̀ṣun. Láti ìgbà náà ni wọn kì í ti í pa ẹja nínú odò tó gba inú igbó Ọ̀ṣun kọjá. Nígbà tí UNESCO kọ orúkọ igbó náà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, èèwọ̀ àwọn bàbá wa ti ń ṣọ́ ẹja ibẹ̀ tipẹ́. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń wá owó láti ṣe níbòmíràn, kí ibì kan wà tí ẹja lè bímọ láì sí ìyọlẹ́nu, àwa fi èèwọ̀ ṣe é láìgba kọ́bọ̀. Ẹni tó mọ bí a ti ń fi èèwọ̀ dá odò sí kò yẹ kó jẹ́ ẹni tí yóò ba odò jẹ́.

Kí wá ni ṣíṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀yin babaláwo ẹlẹgbẹ́ mi, tí Ifá bá béèrè àrọ̀ òòyẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi ìbò béèrè síwájú sí i. Ẹbọ kì í ṣe ohun tí kò ní ọ̀nà méjì. Ṣé ká sè é, ká fi ṣe sàráà fún àwọn ọmọdé? Ṣé ohun mìíràn ni odò yóò gbà? Ifá tó gba owó dípò màlúù lọ́wọ́ ẹni tí kò ní, kò ní kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ odò. Bí Ifá bá sì dúró lé e pé àfi kí ẹja padà sómi, kí ó jẹ́ ẹja tí apẹja mú láti inú odò náà gan-an, kí a sì dá a padà síbi tí wọ́n ti mú un. Yóò wọ́n díẹ̀ ju ti ọlọ́sìn lọ. Ẹbọ tí kò ná wa ní nǹkan kan, ṣé ẹbọ náà ni?

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀yin aborẹ̀ tí odò wà ní ìkáwọ́ yín, ẹ kéde rẹ̀ létí odò, ẹ sọ ọ́ di èèwọ̀ gbangba: ẹja tí a kò bí nínú omi yìí kò gbọdọ̀ wọ omi yìí. Òfin ìjọba lórí ẹja inú odò wà láti 1992, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti rí ẹni tó ń fi í ṣiṣẹ́ létí odò? Èèwọ̀ kò nílò ọlọ́pàá. Bí aborẹ̀ bá ti sọ ọ́, ìyàwó ilé tó wá pọnmi yóò bá a ṣọ́ ọ.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ ká ṣílẹ̀kùn fún àwọn olùwádìí. Yunifásítì LAUTECH wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí láti 1990. Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka tó ń kọ́ nípa ọ̀sìn àti ìtọ́jú ẹja. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ẹja omi tí kò níyọ̀ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní New Bussa. Lóde òní, omi ife kan láti inú odò lè sọ irú ẹja tó wà níbẹ̀ fún onímọ̀, nítorí gbogbo ẹja ló ń fi àmì ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú omi. Ṣùgbọ́n omi ife kan kò lè sọ bí odò ti rí ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Apẹja àgbà àti ìyá olódò ló mọ̀yẹn. Kí olùwádìí má kàn wá bu omi kó máa lọ. Kí ó jókòó, kí ó béèrè orúkọ ẹja, kí ó padà wá sọ ohun tó rí fún ẹni tó bi léèrè.

Mo lọ sí etí odò Ọbà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọjà yẹn. Mo bá apẹja àgbà kan, mo bi í bóyá ẹja ti yàtọ̀. Ó ní, "Awo, àrọ̀ tí mò ń rí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, òmíràn ń bẹ tí n kò mọ bàbá rẹ̀." Ọ̀rọ̀ ẹnìkan kì í ṣe ìwádìí, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e ká bí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń dẹ àwọ̀n láti ìgbà èwe rẹ̀ sọ pé òun kò mọ bàbá ẹja. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá jáde nípa ọmọ inú ilé wa, ṣé a ó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà?

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan wá dífá lọ́dọ̀ mi, Ifá sì béèrè àrọ̀. Mo sọ ẹjọ́ odò fún Ifá, mo di ìbò. Ifá gbà pé kí a sè é. A sè é, àwọn ọmọ àdúgbò jẹ ẹ́ pẹ̀lú iyán, wọ́n ṣàdúrà fún ẹlẹ́bọ, inú rẹ̀ dùn. Ọmọbìnrin ọjà Tàkíè, bí o bá ń ka èyí, má bínú pé mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà. O kò jẹ̀bi, ohun tí àwa àgbà ní kí o ṣe lo ṣe. Nígbà mìíràn tí wọ́n bá tún ní kí o lọ tú ẹja, fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n léèrè pé, "Bàbá, odò wo ló bí i?"

Omi dànù, agbè ò fọ́. Kí agbè má fọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Kí Ọbà má gbẹ, kí Ọ̀ṣun má dàrú, kí ọmọ wa rí ẹja tí a mọ bàbá rẹ̀ jẹ. Àṣẹ. Àbọrú, àbọyè.